Ìwé, àti Ibi tí A ti Kà Á

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé bi ara rẹ̀. Nígbà tí a bá ṣí ìwé kan tí a ti kà ní ìgbà èwe, tí ọkàn wa sì ti lọ sí ibòmíràn kí a tó ka ojú-ewé kan tán, níbo ni ó lọ? Kò lọ sínú ìtàn tí òǹkọ̀wé ń sọ. Bí ìtàn náà bá jẹ́ ti ọdẹ nínú igbó, ọkàn wa kò sí nínú igbó rárá. Inú iyàrá kan ni ó wà, lẹ́bàá fìtílà, ó ń gbọ́ ohùn ìyá wa ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń gbọ́ òórùn ẹ̀wà tí omi rẹ̀ fẹ́ gbẹ lórí iná. Òǹkọ̀wé kò mọ iyàrá náà, kò sì mọ ìyá wa. Síbẹ̀ ìwé rẹ̀ ni ó kó wọn wá. Ta ni ó fi wọ́n pamọ́ sínú rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rí. Ènìyàn lè wà ní òkèèrè fún ogún ọdún kí ó má rántí ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣeré ní kékeré. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá padà, tí ó sì dé ìkóríta kan báyìí, orúkọ ẹni náà a bọ́ sí i lẹ́nu lójijì, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, àti àpá tí ó wà ní orúnkún rẹ̀. A máa ń wí pé ilẹ̀ ni ó rán wa létí. Ọ̀rọ̀ yìí yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáradára, nítorí ohun tí a bá rí pé ó jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀ ni yóò sọ irú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ kí a bù fún ìwé wa, àti irú ojú tí ó yẹ kí a fi wo àdúgbò tí ó tọ́ wa dàgbà.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ti ronú sí i ṣáájú wa. Augustine, ẹni tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo ní ìhà àríwá Áfíríkà, kọ ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 397 sí 400 lẹ́yìn ìbí Olúwa. Ní apá kẹwàá ìwé náà ó fi ìrántí wé ààfin gbọ̀ngbọ̀nràn tí a kó ìṣúra oríṣiríṣi jọ sí: òmíràn nínú wọn a jáde bí a bá ti pè é, òmíràn a sì fara pamọ́ títí a ó fi wá a kiri. Èrò rere ni èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ṣì gbà títí di òní pé ìrántí dàbí ohun tí a tì mọ́ inú àpótí. Ṣùgbọ́n ní 1932 Frederic Bartlett, olùkọ́ kan ní Cambridge, tẹ ìwé kan jáde tí ó mi èrò yìí. Ó fún àwọn ènìyàn ní ìtàn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kà, ó sì ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí i pé wọn kò mú ìtàn náà padà wá bí wọ́n ti gbà á. Ohun tí ó ṣàjèjì sí wọn ni wọ́n yọ kúrò, tàbí kí wọ́n yí i padà sí ohun tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ tiwọn. Nítorí náà ẹni tí ó ń rántí dàbí ẹni tí ó ń tún ilé kọ́, tí ó ń fi igi ilé àtijọ́ àti amọ̀ òní ṣe é pọ̀.

Ní 1975 ẹ̀wẹ̀, Duncan Godden àti Alan Baddeley ṣe ìdánwò kan pẹ̀lú àwọn òmùwẹ̀ tí ń lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Wọ́n mú kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan sórí, nígbà mìíràn ní etí omi, nígbà mìíràn lábẹ́ omi. Ohun tí wọ́n kọ́ lábẹ́ omi, abẹ́ omi ni wọ́n ti rántí rẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n kọ́ lórí ilẹ̀, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti rántí rẹ̀ jù. Èyí fi hàn wá pé nígbà tí a bá ń kọ́ nǹkan, ibi tí a wà a máa wọlé pẹ̀lú ohun tí a ń kọ́, bí èéfín ti í wọ inú aṣọ ẹni tí ń dáná. A kò pè é, ṣùgbọ́n ó bá wa lọ.

Bí a bá kó gbogbo èyí pọ̀, ìdáhùn ìbéèrè wa kò ṣòro mọ́. Ìrántí kò sí nínú ìwé nìkan, kò sì sí nínú wa nìkan. Ó dàbí ìró ìlù. Ìró kò sí nínú kọ̀ǹgọ́, kò sì sí nínú awọ. Ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ ni etí ń gbọ́ ọ. Bí a bá fi kọ̀ǹgọ́ dáná, awọ yóò dákẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ya. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àti ilẹ̀ jẹ́ sí ọkàn wa. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọnù, tàbí tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀, ìrántí rẹ̀ kò tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí í máa lù ú kí ó fọhùn ti lọ.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìdánwò rẹ̀. Wọ́n ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí a fi ọwọ́ mú lè sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Nígbà tí ogun sì fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn tí ó ṣẹ́ kù sá wá sí abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830, wọn kò wá orúkọ tuntun fún àdúgbò tuntun. Aké, Ìtòkò, Ìgbẹ̀ìn, Kéńtà: orúkọ àwọn ìlú tí ó ti di ahoro ni wọ́n gbé ka orí ilẹ̀ náà, kí ọmọ tí kò rí ìlú baba rẹ̀ lè máa fi ẹsẹ̀ rìn nínú orúkọ rẹ̀. Ní 1981 Wọlé Ṣóyínká, tí a tọ́ ní àdúgbò Aké ní Abẹ́òkúta, fi orúkọ yìí kan náà pe ìwé tí ó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ kan ti rìn jìnnà tó: láti ìlú tí ogun pa run dé àdúgbò, láti àdúgbò dé ẹ̀yìn ìwé.

Ní Èkó náà a ní ẹ̀rí. Láàrin 1929 àti 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà láti orí ibùsùn àìsàn. Àwọn àdúgbò Èkó tí àwọn ènìyàn ń rìn lójoojúmọ́ ni ó kún inú ìtàn náà. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nípa rẹ̀. Mo rò pé ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ẹni tí ó bá rí orúkọ òpópónà tirẹ̀ nínú ìwé, ìgbésí ayé tirẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kà láàrin ìlà kan àti èkejì.

Títí di òní, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Máríínà yóò gbọ́ tí àwọn agbèrò ń ké "CMS! CMS!" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò mọ̀ pé orúkọ ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n ń gbọ́, ẹgbẹ́ tí ó dá ilé ìtàwé sílẹ̀ ní Èkó ní 1869. Ilé ìtàwé náà ti di CSS, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ kò gbà láti yí orúkọ tirẹ̀ padà. Àwọn agbèrò ń ṣe ìrántí láìmọ̀.

Láti Máríínà yìí, bí a bá wo òdìkejì omi, Àpápá ni a ń wò. Ìwé àti èbúté Àpápá ní ìbátan tí a kì í sábà rò. Ní 1926 ni àyè mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ láti 1921. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń gba èbúté wọlé nínú àpótí, láàrin sìmẹ́ńtì àti irin. Ìwé tí a fi èdè wa kọ pàápàá kò yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ òkè òkun: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ilé ìtẹ̀wé CMS kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1938, bọ́ sí ọwọ́ àwọn Nelson, àwọn òǹtẹ̀wé Edinburgh, ní 1950.

Ta ni ó ru àwọn àpótí náà láti inú ọkọ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù ni. Níbo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ sùn bí ilẹ̀ bá ṣú? Ajégúnlẹ̀ ni. Ẹni tí ó sọ ibẹ̀ ní orúkọ yìí rí ajé tí ó ń gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àpápá ni ajé náà ń gúnlẹ̀ sí; ìdajì rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó rù ú. Nínú àwọn arẹrù wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tí kò mọ lẹ́tà kan, tí wọ́n fi èjìká gbé ìwé wọ ilẹ̀ wa kí àwọn ọmọ wọn lè fi ojú kà á.

Ó yẹ kí a mọ bí àwọn àdúgbò méjèèjì ti rí. Nígbà tí a yọ Èkó kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, tí ó di ti ìjọba àpapọ̀, Àpápá wà nínú Èkó, Ajégúnlẹ̀ sì wà lẹ́yìn ààlà, lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967. LEDB, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú Èkó ṣe, la òpópónà gbòòrò sí Àpápá, ó sì pín ilẹ̀ rẹ̀ ní ojúlé-ojúlé. Ètò náà kò kọjá ààlà. Ní apá kejì, àwọn Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ̀, Urhobo, Haúsá àti àwọn Yorùbá láti ìlú oríṣiríṣi fún ara wọn mọ́ inú ilé alájọgbé, tí iyàrá dojú kọ iyàrá, lórí ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń wọlé bí òjò bá pọ̀. Ibi tí àdúgbò méjèèjì ti pàdé ni à ń pè ní Boundary títí di ìsinsìnyí, ọjà sì wà níbẹ̀. Ọmọdé tí ń rà tòmátì níbẹ̀ lónìí ń pe orúkọ ààlà kan tí kò sí mọ́.

Nínú irú ilé alájọgbé bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, láàrin 1980 àti 1990. Aláwíyé, ìwé tí J. F. Ọdúnjọ (1904–1980) kọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mi, ẹ̀dà náà sì wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Àmì omi wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ojú-ewé rẹ̀, nítorí òjò wọlé bá wa ní òru ọjọ́ kan, omi sì ti kan ìwé náà kí ìyá mi tó gbé e sórí àpótí aṣọ. Ó gbé e kí ó tó gbé ìkòkò àti àwo. Bí mo bá ṣí i, àmì omi ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. A máa mú mi gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi tí ń dún láti Àpápá ní ọ̀gànjọ́, tí bàbá mi, ẹni tí kò mọ̀wé, fi ń ṣírò bóyá iṣẹ́ yóò wà ní òwúrọ̀. A máa mú mi rí ìyá kan, ará Urhobo, tí ń gbé iyàrá tí ó dojú kọ tiwa. Kò gbọ́ Yorùbá dáradára, síbẹ̀ ó máa ń ní kí n ka ẹ̀kọ́ mi sókè sí òun létí nígbà tí ó bá ń ṣa ìrẹsì. Yóò sì rẹ́rìn-ín ní ibi tí kò sí ẹ̀rín, inú mi yóò dùn, n ó tún un kà. Ìyá náà wà nínú Aláwíyé tèmi. Ọdúnjọ kò kọ ọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè yọ ọ́ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an ni mo dé yìí. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n ń fi ìdùnnú sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí wọ́n kà ní kékeré. Wọn a dárúkọ ìwé, wọn a dárúkọ òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kà á, wọn a dáhùn pé, "Ní Àpápá." Ọ̀rẹ́ mi kan kọ Àpápá sórí gbogbo lẹ́tà tí ó fi ń wá iṣẹ́, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti dá a padà nígbà tí ó kọ òtítọ́, wọ́n ní ọmọ Ajégúnlẹ̀ kò ṣeé fi owó tì. Nígbẹ̀yìn ó rí iṣẹ́, ó sì fi òdodo ṣe é fún ọdún púpọ̀. Lónìí ilé rẹ̀ kún fún ìwé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ orúkọ gbogbo ìwé tí ó sọ baba wọn di ènìyàn. Wọn kò mọ òpópónà tí ó ti kà wọ́n. Bí ọ̀nà bá gbé wọn gba Boundary kọjá, baba wọn a ti gíláàsì ọkọ̀, a sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ǹjẹ́ a lè dá a lẹ́bi? Ẹ má jẹ́ kí a yára. Ẹni tí ebi ń pa, tí a sì ń fi àdúgbò rẹ̀ dá a lẹ́jọ́ kí ó tó la ẹnu, ẹ̀bi àkọ́kọ́ wà lọ́rùn ẹni tí ó jókòó ìdájọ́ náà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ni àwọn àgbà wí. Wọn kò wí pé kí a wo òpópónà kí a tó gba ọmọ síṣẹ́. Ajégúnlẹ̀ yìí náà ni ó tọ́ Samson Siasia, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní 1994, àti Odion Ighalo, tí ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Manchester United ní 2020. Ibẹ̀ ni Daddy Showkey olórin ti jáde. Àwọn wọ̀nyí kò fi orúkọ ibẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n òkìkí ni ó ṣe apata fún wọn. Akọ̀wé tí ń wá iṣẹ́ kò ní apata.

Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà láàrin kí ènìyàn dákẹ́ níwájú ẹni tí ó fẹ́ fi òtítọ́ rẹ̀ pa á lára, àti kí ó dákẹ́ níwájú ọmọ tirẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ààbò. Ti èkejì a máa gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ náà tí kò ní mọ̀ pé a gbà. Nítorí bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé ibi tí a wà a máa wọlé pẹ̀lú ohun tí a kà, ẹni tí ó fún ọmọ rẹ̀ ní ìwé ṣùgbọ́n tí ó fi ilẹ̀ pamọ́ fún un, kọ̀ǹgọ́ ni ó fún un láìsí awọ. Ọmọ náà yóò rò pé ìwé nìkan ni ó sọ baba òun di ènìyàn. Kò ní mọ̀ nípa ẹni tí ó ru àpótí, tàbí ẹni tí ó gbé ìwé kúrò nínú omi, tàbí àlejò tí ó fi etí sílẹ̀ gbọ́ ẹ̀kọ́ tí kò yé e. Ẹni tí ó bá sẹ́ àdúgbò rò pé ilẹ̀ ẹrẹ̀ àti gọ́tà ni òun ń sẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ní ọkàn tí ó lè bàjẹ́. Àwọn ènìyàn ni ó sẹ́.

Ẹlòmíràn yóò kọjú sí mi yóò wí pé, "Ìwọ ń fi oyin sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀fọn wà ní Ajégúnlẹ̀, àìsàn wà, ìjà àwọn ọmọ ìta wà. Ìrántí ni ó ń tàn ọ́." Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú, ìwádìí Bartlett sì gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ìrántí bá jẹ́ ilé tí a ń tún kọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí ìgbà èwe yóò kọ́ ọ ní ààfin, ẹni tí ojú ń tì yóò sì kọ́ ọ ní ẹ̀wọ̀n. Àwọn méjèèjì ti kúrò ní ibi tí ilé náà wà. Ìwòsàn kan náà ni ó wà fún àwọn méjèèjì: kí wọ́n mú ìrántí wọn lọ sí ojú ilẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ bá àwọn tí wọ́n jọ gbé ibẹ̀. Ìwé tí a ń dá kà kì í jiyàn pẹ̀lú wa. Àdúgbò a máa jiyàn. Ẹni tí ó bá padà yóò rí i pé iyàrá tí ó tóbi lójú ọmọdé kò gba ju ẹní méjì lọ. Yóò sì rí i pé ìyá tí òun rò pé inú rẹ̀ máa ń dùn ní gbogbo ìgbà ní gbèsè lọ́rùn. Irú ìrántí tí a bá ti yọ́ báyìí bí irin nínú iná, kò ní dùn bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ láìbẹ̀rù.

Ilẹ̀ kì í dúró dè wá títí láé. Ní 1973, nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ Gbọ̀ngán Eré Ìtàgé ti orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú, a kó àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò níbẹ̀, a sì fún wọn ní àyè ní Badia, tí kò jìnnà sí Àpápá. Gbọ̀ngán náà gba àlejò gbogbo ayé ní 1977, nígbà àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí à ń pè ní FESTAC. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, 2013, a wó apá kan Badia yìí náà palẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Àdúgbò tí ó gba àwọn tí a ti kó kúrò lẹ́ẹ̀kan ni a tún wó. N kò sọ pé kí ìlú má dàgbà. Bí a kò bá gbẹ́ èbúté, ìwé tí mo ń sọ kì bá tí dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń ka ohun tí ó bàjẹ́, òrùlé ni wọ́n ń kà, àti ògiri. Kò sí ìwé ìṣirò tí a kọ sí i pé níhìn-ín ni ọmọ kan ti kọ́kọ́ ka gbólóhùn kan já, àti ẹni tí ó pàtẹ́wọ́ fún un.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé ti fi hàn wá: wọ́n gbé orúkọ lọ. Àwa ní ìwé tí a lè fi gbé e. Àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ̀wé nínú ìdílé wa a máa kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wọn sí ojú-ewé òfìfo tí ó wà nínú Bíbélì. Láti ìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884 ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti fi í ṣe àkọsílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé òun nìkan ni ó mọ ọjọ́ orí àwọn kan. Wọn kò rò pé wọ́n ba ìwé jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ìwé tí yóò pẹ́ ju àwọn lọ yẹ kí ó mọ orúkọ àwọn.

Àṣà yìí ni mo fẹ́ kí a tún gbé dìde, kí a sì fi díẹ̀ kún un. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fún ọmọ ní ìwé, kí ó kọ ọjọ́ sí inú rẹ̀. Kí ó kọ òpópónà àti ojúlé tí ọmọ náà ti ń kà á. Kí ó sì kọ orúkọ ẹnìkan tí ó wà nítòsí nígbà tí a ń kà á, ìbáà jẹ́ ẹbí, ìbáà jẹ́ ayálégbé iyàrá kejì. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan kí ó bá òun kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ nípa rẹ̀ kò tí ì pẹ́ jù. Ìwé rẹ̀ wà nílé, gègé wà lápò rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti dàgbà tó láti béèrè. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Kí ẹ̀yìn tí àwọn ọmọ wa yóò wò má ṣe jẹ́ òfìfo. Kí a kọ orúkọ ibẹ̀ bí ó ti jẹ́. Bí ó bá jẹ́ Àpápá, kí a kọ Àpápá. Bí ó bá jẹ́ Ajégúnlẹ̀, kí a kọ Ajégúnlẹ̀.